Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà, Ẹ Ra Bébà

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí nígbà tí wọ́n bá rí àwòrán tí mo fi akuarẹ́lì (ọ̀dà tí à ń fi omi pò) kùn ni pé, "Èló ni ọ̀dà yẹn?" Òmíràn á tún béèrè ibi tó ti lè rí irú rẹ̀ rà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Inú mi máa ń dùn sí ìbéèrè yìí, torí ó fi hàn pé ọkàn ẹni náà ti fà sí i. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bébà.

Mo mọ̀ pé kì í dùn létí. Ọ̀dà ló ń wu ojú. Àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n to àwọ̀ méjìlá sí lẹ́sẹẹsẹ, ta ni kò ní fẹ́ gbé e lọ sílé? Bébà funfun kò ní ẹwà kankan tó fi lè bá a du oníbàárà. Síbẹ̀, nínú gbogbo ọ̀dà tí a fi ń ya àwòrán, kò sí èyí tó gbára lé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó akuarẹ́lì. Ẹni tó ń lo ọ̀dà olóróró lè fi àwọ̀ kan bo òmíràn mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Akuarẹ́lì kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú àwọ̀ kọjá, á kan bébà, bébà á sì dá a padà sí ojú wa. Ohun tí à ń pè ní ẹwà akuarẹ́lì, ìmọ́lẹ̀ tí bébà dá padà ni.

Bébà ẹ̀dà tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì kì í sábà ju 80 g/m² lọ (ìyẹn ni iye gíráàmù tí mítà kan níbùú lóròó bébà náà wọ̀n). Bébà Canson tí àwọn òbí ń rà fún ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé ìwé nípọn jù ú lọ dáadáa, 180 tàbí 224 g/m², ó sì dára fún pẹ́ńsùlù àti fún ọ̀dà tí kò ní omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ da omi lé e bí akuarẹ́lì ṣe ń fẹ́ kí a dà á, ẹ ó rí i pé yóò ká kò, ibì kan á ga, ibì kan á lọ sílẹ̀, gbogbo àwọ̀ á sì ṣàn lọ kóra jọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Ẹ tún fi búrọ́ọ̀ṣì pa á lẹ́ẹ̀mejì, ojú bébà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. 300 g/m² ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí owó bá wà, kí ó jẹ́ bébà tí wọ́n fi òwú ṣe látòkè délẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi igi ṣe. Fọ́nrán òwú gùn, ó sì lágbára. Lórí irú bébà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe é máa ń fi gelatin, irú lẹ́ẹ̀ kan, sí i kí omi má bàa rì sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó sì ráyè darí àwọ̀ sí ibi tí ẹ fẹ́. Ní ìlú Arches, ní agbègbè Vosges ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ti ń ṣe bébà láti ọdún 1492, orúkọ ìlú náà ló sì wà lára ọ̀kan nínú àwọn bébà òwú tí àwọn ayàwòrán mọ̀ jù lọ lágbàáyé.

Ó wọ́n, mi ò ní parọ́. Bébà ńlá kan ṣoṣo lè gba owó ju odidi àpótí ọ̀dà ọmọléèwé lọ. Ṣùgbọ́n bébà ńlá yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 sí 76. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì ní ìbú, ẹ ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin ní gígùn, ẹ ó ní ewé mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 19 sí 28. Ìwọ̀n yìí tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ewé kọ̀ọ̀kan sì ní iwájú àti ẹ̀yìn.

Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ fi bébà olówó pọ́ọ́kú kọ́ṣẹ́ kí ó má bàa ba èyí tó dára jẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní àwòrán lọ́jọ́ Sátidé nínú àgbàlá wa, mo sì ti rí ohun tí bébà burúkú ń ṣe fún ọmọ. Ọmọdébìnrin kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ojú rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá kùn ló ń dì pọ̀ tó sì ń dọ̀tí. Ó wá bá mi, ó ní, "Tántì, mi ò rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe." Mo gé ewé kékeré kan fún un lára bébà òwú tèmi, mo ní kó kun ohun kan náà. Kò sí ẹni tó tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín àléébù ọwọ́ rẹ̀ àti àléébù irinṣẹ́. Ó máa ń di ẹ̀bi gbogbo ru ara rẹ̀ ni. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ bébà fi ń ká mi lára tó báyìí. Ẹ fi bébà lásán dán àwọ̀ wò, ẹ fi kọ́ bí a ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú, kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kun àwòrán, ẹ fún ara yín láǹfààní.

Lára bébà náà ni ẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ kan nípa ojú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ "grain torchon" sí rí gbágungbàgun, "grain satiné" ń yọ̀, "grain fin" wà láàárín méjèèjì. Grain fin ni kí ẹ mú.

Ohun mìíràn wà tó kan àwa tí à ń gbé létí ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ wa kún fún ọ̀rinrin, bébà sì máa ń mu ún. Tí èbu bá wọ̀ ọ́, gelatin yẹn á bàjẹ́, ẹ ó sì rí àwọn àmì kéékèèké tí àwọ̀ á máa rì sí nígbà tí ẹ bá kùn ún. Inú ọ̀rá tí a dì dáadáa ni mo ń kó tèmi sí, mo sì ń fi àwọn àpò kóńkóló tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, àwọn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jù nù. Wọ́n ń fa ọ̀rinrin. Ẹ má tọ́jú bébà sórí ilẹ̀, ẹ má sì fi ti ara ògiri.

Ó wá ku ọ̀dà.

Ohun tó wà nínú akuarẹ́lì kò pọ̀. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ni, tí wọ́n fi oje igi pò, tí wọ́n sì fi oyin tàbí gíliséríìnì díẹ̀ sí kó má bàa gbẹ kó sán. Oje igi yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló ti ń wá. Lára igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń hù ní Sáhẹ́lì ni wọ́n ti ń gbà á, ilẹ̀ Sudan ló sì ń tà á jù lọ lágbàáyé. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé iṣẹ́ òyìnbó ni akuarẹ́lì, mo máa ń rán an létí pé bí kò bá sí oje igi Áfíríkà, lẹ́búlẹ́bú lásán ni ì bá wà nínú àpótí yẹn.

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà: ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ọ̀gá. Ti ọ̀gá ní lẹ́búlẹ́bú púpọ̀ nínú, owó rẹ̀ sì ga. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ojúlówó, bíi èyí tí wọ́n kọ Cotman tàbí Van Gogh sí lára, ti tó. Ẹ má ra èyí tí wọ́n to àwọ̀ mẹ́rìndínlógójì sí. Ẹni tó ní àwọ̀ púpọ̀ kì í kọ́ bí a ṣe ń po àwọ̀. Mẹ́fà tó, ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára wọn. Jaune citron (yẹ́lò bí ọsàn wẹ́wẹ́), ocre jaune (yẹ́lò bí erùpẹ̀), pupa kan tó fẹ́ jọ ọsàn, pupa kejì tí wọ́n kọ PV19 sí lára, bleu outremer (búlúù), àti terre de Sienne brûlée (pupa rúsúrúsú). Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Orúkọ wu ẹni tó ń tà á, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Pupa kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ PR83. Ó rẹwà púpọ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń pa á. Ẹ yẹra fún un.

Mo nífẹ̀ẹ́ outremer ju gbogbo wọn lọ, òun ni wọ́n ń pè ní ultramarine ní apá Nàìjíríà. Láyé àtijọ́, òkúta iyebíye kan láti ilẹ̀ Afghanistan ni wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n tó rí i, àwọn ọlọ́lá nìkan ló sì lè rà á. Ní ọdún 1824, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé ṣèlérí 6,000 faráǹsì fún ẹni tó bá lè ṣe irú rẹ̀ láìlo òkúta yẹn. Jean-Baptiste Guimet ló gba owó náà ní 1828. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ ọba ti di ohun tí gbogbo èèyàn lè fọwọ́ kàn, débi pé wọ́n sọ ọ́ di búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Búlúù ìfọṣọ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn agbẹ́gilére sì mú un wọ ilé iṣẹ́ wọn. Àwọ̀ búlúù tó wà lára ọ̀pọ̀ ère gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́, òun ni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn ará Kétu mọ̀ bí ẹní mowó, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé! Nígbà tí mo bá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ outremer, mo máa ń rántí pé àwọn baba wa ti mọ àwọ̀ yìí, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń jẹ́ terre de Sienne, ilẹ̀ ni. Ìpẹtà irin tó wà nínú erùpẹ̀ ló fún un láwọ̀, ìpẹtà irin kan náà ló sì mú kí ilẹ̀ Kétu pọ́n. Ẹni tó bá ní sùúrù lè bu erùpẹ̀ pupa, kó fi omi ṣàn án, kó jẹ́ kí yanrìn rì, kó da omi pupa tó wà lókè sínú àwo mìíràn, kó jẹ́ kó silẹ̀ kó sì gbẹ, kó wá lọ̀ ọ́ kúnná kó tó pò ó mọ́ oje igi. Ìmọ́lẹ̀ kì í pa àwọ̀ tó wá láti inú ilẹ̀. Ẹ po outremer mọ́ terre de Sienne, ẹ ó rí gbogbo àwọ̀ òjò tó ń ṣú bọ̀ lórí ọ̀sà: bí búlúù bá pọ̀ jù, ó tutù, bí ilẹ̀ bá pọ̀ jù, ó gbóná, bí omi bá kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Nítorí èyí ni mi ò fi ra ọ̀dà dúdú rí.

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì kò gùn. Ẹ ra ọ̀kan tó rí roboto, nọ́ńbà 8 tàbí 10, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣóńṣó nígbà tí omi bá wà lára rẹ̀, àti ọ̀kan pẹlẹbẹ fún òfuurufú. Onírun ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń gba omi púpọ̀, àtọwọ́dá máa ń le díẹ̀, ó sì rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi orí rẹ̀ sọlẹ̀ sínú ife omi. Ife méjì ni kí ẹ ní, ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ìkejì fún omi tó mọ́. Àwo oúnjẹ funfun tó ń dán ni kí ẹ máa po àwọ̀ lórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ouando. Àkísà òwú, pákó pẹlẹbẹ, àti téèpù bébà tí àwọn akunlé ń lò láti fi di etí bébà mọ́ pákó, ó parí.

Omi gan-an ló le. Ohun tó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ jù kì í ṣe àwọ̀, àkókò ni: ìgbà wo ni kí n fọwọ́ kàn án, ìgbà wo ni kí n fi í sílẹ̀? Ẹ fi omi pa bébà, ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa wò ó ní ìdojúkọ ìmọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ á máa dán. Àwọ̀ tí ẹ bá kán sí i nígbà náà á tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀, etí rẹ̀ á rọ̀, ẹ ò ní mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: òfuurufú, ìkùukùu, èéfín, ọ̀sà lówùúrọ̀ kùtùkùtù, ìgbà yìí ni ká kùn wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, dídán náà á máa lọ sílẹ̀. Nígbà tó bá ti lọ tán, tí bébà sì tutù síbẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ìgbà yìí ló léwu jù. Bí búrọ́ọ̀ṣì tí omi kún bá kàn án, omi tuntun á ti àwọ̀ tó ti fẹ́ gbẹ síwájú, á kó o jọ sí etí kan, àbàwọ́n tó rí ṣágiṣàgi á sì wà níbẹ̀ tí kò ní ṣeé pa rẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bébà. Bó bá ṣì tutù, kò tíì gbẹ, ohun yòówù kí ojú yín sọ fún yín.

Nígbà tó bá gbẹ pátápátá, a lè tún kun òmíràn lé e. Kí àwọ̀ tó jinlẹ̀, kì í ṣe pé kí a da ọ̀dà gbágbá lé bébà lójú kan. Ìyá aláró kì í retí pé kí aṣọ dúdú nígbà àkọ́kọ́ tó rì í. Ó rì í, ó fà á yọ, ó sá a sí atẹ́gùn, ó tún rì í, títí aró á fi mú bó ṣe fẹ́. Bí a ṣe ń kun akuarẹ́lì nìyẹn, fẹ́lẹ́ lórí fẹ́lẹ́, ohun tó mọ́lẹ̀ ṣáájú, ohun tó ṣókùnkùn kẹ́yìn. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọ̀ máa ń mọ́lẹ̀ sí i nígbà tó bá gbẹ, nítorí náà kí èyí tó wà lórí búrọ́ọ̀ṣì jinlẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí ọkàn yín ń fẹ́ lọ.

Ọyẹ́ ń yí gbogbo èyí padà. Nígbà ọyẹ́, kí ẹ tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, omi ti gbẹ kúrò lórí bébà. Ẹ fi omi pa iwájú àti ẹ̀yìn bébà, ẹ tẹ́ ẹ sórí ohun tí kì í fa omi, ẹ ṣiṣẹ́ láàárọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbẹ, kí ẹ sì lo ewé kékeré. Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ náà á dojú kọ ibòmíràn: ẹ lè dúró títí kó má gbẹ. Bébà méjì ni mo máa ń tẹ́ sílẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá ń retí kí ọ̀kan gbẹ, mo ń kun ìkejì, ọwọ́ mi ò sì ní yá jù.

Ní ti funfun, inú bébà ló wà. Lóòótọ́, àwọn kan ń fi ọ̀dà funfun sí àpótí, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ inú àwọ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn kí búrọ́ọ̀ṣì tó bọ omi. Nígbà kan tí mò ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà, bàbá apẹja kan dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi. O kun omi, o kun koríko, ọkọ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọkọ̀ náà nìyẹn. Bébà tí mi ò kùn ni."

Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ó ń lọ."

Àwọn ibi tí a ti lè fi ojú kọ́ṣẹ́ kò jìnnà sí wa. Ẹ gba iwájú mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wá, kọ́ sí Àjàṣẹ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Bùràsíìlì. Àràbarà ara ògiri rẹ̀ máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ẹ má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fi outremer àti terre de Sienne tó fẹ́lẹ́ kun òjìji nìkan, lábẹ́ etí fèrèsé, lẹ́yìn òpó, níbi tí ògiri ti wọnú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ilé náà á ti dúró kí ẹ tó fi àwọ̀ kan ṣoṣo lé e lórí. Ẹni tó bá ń rin ọ̀nà òkè kó dúró ní Ṣábẹ̀ẹ́, kó wo àwọn òkè olókùúta yẹn. Èyí tó sún mọ́ wa ní pupa àti ewé nínú, èyí tó jìnnà ń di búlúù, ó sì ń parẹ́ lọ. Ẹ máa fi omi kún àwọ̀ bí òkè ṣe ń jìnnà, ẹ máa dín pupa inú rẹ̀ kù.

Bí ẹ bá parí àwòrán tí ẹ fẹ́ fi kọ́ ara ògiri, ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọlé sí. Ẹ fi páálí gé etí yí i ká kí gíláàsì má bàa fara kan bébà, torí ọ̀rinrin á kóra jọ sáàárín wọn, èbu á sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹ sì tó gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ tuntun kankan, ẹ kùn ún sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ fi páálí dúdú bo ìdajì rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa fún oṣù bíi mélòó kan. Bí ẹ bá ṣí páálí náà tí ìdajì méjèèjì sì rí bákan náà, ẹ lè fi àwọ̀ yẹn ya ojú ìyá yín.